Laptop Ọmọ Tó Jókòó Síwájú

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan náà ni lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo gbé wá, laptop tí ilé ìwé ń pín fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó dáa bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń kọ àròkọ. Tó bá jẹ́ bírò ló fi kọ ọ́, tí mo ní kó tún un kọ, ẹkún ni. Ṣùgbọ́n lórí laptop, mo rí i tó gbé ìpínrọ̀ tó fi parí lọ síbẹ̀rẹ̀, ó kà á, ó fajú ro, ó dá a padà, ó wá pa gbólóhùn méjì rẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Níbi ká kọ̀wé ká sì tún un ṣe yìí, èmi ò bá laptop jà rárá. Lọ́dún 2016, Binbin Zheng àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 10 pọ̀ lórí ilé ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní laptop tirẹ̀, wọ́n sì rí i pé máàkì gòkè díẹ̀ nínú ìwé kíkọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Díẹ̀ ni mo wí o.

Àmọ́ pípín in nìkan kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Lábẹ́ ètò One Laptop per Child, ìyẹn laptop kan fún ọmọ kan, tí Nicholas Negroponte gbé jáde lọ́dún 2005, wọ́n pín laptop tó lé ní 800,000 níbẹ̀. Àwọn olùwádìí wo ilé ìwé 319 ní ìgbèríko, wọ́n ní àwọn ọmọ tó rí i gbà ò mọ ìṣirò àti èdè ju àwọn tí ò rí gbà lọ.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ohun tí mo fojú ara mi rí. Ilé ìwé ní ká wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Tíṣà ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí kiri inú ara. Ọmọkùnrin kan ṣí àwòrán ọkàn sójú laptop rẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ ẹ̀. Tíṣà bá ti kọjú sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù á pòórá. Ká sòótọ́, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Òun ò tiẹ̀ ṣí laptop tirẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti kọ gbólóhùn dé ìdajì, ó dúró, ojú ẹ̀ ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Nígbà tó fi máa padà sínú ìwé, ẹ̀jẹ̀ ti kúrò nínú ọkàn, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Faria Sana àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dán irú ẹ̀ wò lọ́dún 2013 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bírò àti ìwé ni wọ́n fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mú àwọn kan jókòó síbi tí wọ́n á ti máa rí laptop ẹni tó ń ṣe nǹkan mìíràn. Nínú ìdánwò, àwọn tí ò rí i gba nǹkan bíi 73 nínú 100, àwọn tó ń rí i gba nǹkan bíi 56. Wọn ò fọwọ́ kan laptop kankan o!

Mo ti dí gbogbo géèmù lórí ti ọmọ mi. Kí wá ni mo fẹ́ ṣe sí ti ọmọ ọlọ́mọ? Agbára òbí ò dé ibẹ̀; tíṣà nìkan ló lè ṣe é. Bó bá ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ dé. Bó bá di ìwé kíkọ, kí wọ́n ṣí i. Ọmọ tí kò lè kàwé tàbí kọ̀wé láìsí i, kó máa lò ó, ká kàn wá ìjókòó tí ẹlòmíràn ò ti ní máa wò ó fún un.

Tíṣà yẹn ní òun ti gbìyànjú ẹ̀ rí, àwọn òbí ló bínú: kí lẹ wá pín in fún, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa pa á dé? Ìpàdé òbí ń bọ̀, màá gbè é lẹ́yìn níbẹ̀. Tí ilé ìwé tiyín bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí n mọ ohun tí wọ́n sọ fáwọn òbí tó kọ̀.