Ọmọ Tó Ń Kọrin, Òbí Tó Di Ọ̀gá, àti Ọ̀fọ̀ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Ṣe

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọrin, tí ẹ ń lùlù, láti Kábà títí dé Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́ nílẹ̀ Okun wa, mo kí yín: okun o. Ọ̀rọ̀ mi ò ju ọ̀kan lọ: ọmọ tí òbí kò jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀, ọtí ni yóò bá a ṣe ọ̀fọ̀ náà tó bá dàgbà. Ará Amẹ́ríkà kan ni n ó fi ṣàlàyé, torí ìtàn ayé rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, a ò sì ní fi dójú ti ẹnikẹ́ni láàrin wa.

Frances Gumm ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bí i ní 1922; Judy Garland, olórin àti òṣèré fíìmù, ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tó fi bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì gorí ìtàgé. Ethel ìyá wọn ló ń tẹ dùùrù, òun ló ń wá eré, òun ló ń sọ ibi tí wọn yóò lọ. Àwọn tó kọ ìtàn Judy ní ìyá yìí ló kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí àárẹ̀ muni, àti èyí tí ń múni sùn.

Ní 1935, iléeṣẹ́ fíìmù MGM gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àrùn yírunyírun dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọmọ náà ń kọrin ní rédíò, bàbá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ibùsùn. Ilẹ̀ mọ́, bàbá kú. Iṣẹ́ ò dúró. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rin gééré sí ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn. Ọjọ́ yẹn ń dùn mí dọ́kàn títí di òní.

Oògùn àti ọtí ò fi í sílẹ̀ mọ́. Ọtí àti oògùn oorun, èémí ni àwọn méjèèjì ń fà sẹ́yìn. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1969, ní London, oògùn oorun tó ju agbára ara rẹ̀ lọ ló pa á. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọmọ ọdún 47 ni.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹ mọ bí ìsìnkú àgbà ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: àìsùn lọ́jọ́ Ẹtì, jíjẹ mímu ní Sátidé, orin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀dọ́ tó ń kọrin níbẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá tirẹ̀ ni. Ó ń dárò òkú olókùú, kò sẹ́ni tó bi í léèrè nípa tirẹ̀. Kí la sì ń gbé fún un tó bá kọrin tán? Ìgò bíà, ife ògógóró, tàbí ọtí inú ọ̀rá tí kò wọ́n, tó ṣeé fi pamọ́ sápò, tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tìtorí ẹ̀ gbógun tì í. Ẹkún á sá lálẹ́ yẹn. Bó bá yá, ara á máa gbọ̀n láàárọ̀, ọkàn á wúwo ju ti àná lọ, á tún wá òmíràn.

Ẹlòmíràn á ní òbí tí kò bá le, ọmọ rẹ̀ á bàjẹ́. Mo gbà pé kí a kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n Jackie Coogan, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà tó ti ń ṣeré láti kékeré, dàgbà tán, ó béèrè owó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ ti ná èyí tó pọ̀ jù. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1938. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé kí wọ́n máa tọ́jú apá kan owó ọmọ òṣèré fún un. Àwa náà lè ṣí àkáǹtì fún ọmọ láì dúró de òfin.

Ẹni tí ọtí bá ti di bárakú fún, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má sì já ọtí gbà lójijì lọ́wọ́ ẹni tó ti ń mu ún láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀. Gìrì lè gbé e, ó lè kú. Ẹ gbé e lọ bá dókítà. Oògùn wà tí wọ́n fi ń mú ara rẹ̀ rọlẹ̀. Mo nígbàgbọ́ nínú àdúrà, ẹ gbà á fún un lórí ibùsùn ọsibítù.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ olórin, mo bẹ̀ yín: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọmọ ẹgbẹ́ yín, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú eré Sátidé, ẹ fún un ní ìpín rẹ̀, kí ẹ sì lọ jókòó tì í nílé.