Èló Ni Wọ́n Ta Ikú? Ọ̀rọ̀ Lórí Oníṣòwò Tó Di Òǹkọ̀wé Ìtàn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò sọ ní Abẹ́òkúta nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ta ikú yín lónìí, èló lẹ máa tà á?

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ti dáhùn. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutuola tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ọ̀mùtí tí ìtàn náà dá lé àti ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kan. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn ní £70, ṣílè 18 àti sísì kan, ìyẹn pẹ́ńsì mẹ́fà. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ńkọ́? Wọn ò tà á o. Wọ́n fi yá ẹnì kan ni, kó máa san èlé £3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà pẹ̀lú èlé tó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú ní òun ò dá a padà mọ́, òun ti rà á, òun sì ti sanwó. Ẹni tó bá ti ná ọjà rí ní Ìtòkú mọ ohùn yẹn.

Sísì yẹn ni mo wá bá yín sọ. Ẹni tí kò fi owó ara rẹ̀ ṣòwò rí á kọ “owó gọbọi,” á sì kọjá lọ.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni Tutuola kọ́. Ó ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, ó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, owó kò tó, ó wá gba iṣẹ́ mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Bá a bá ń yìn ín nílùú yìí, a kì í dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó sì máa ń dùn mí. Ẹni tó ti jókòó ṣírò owó irin àti owó èédú, tí ìṣirò náà kò jọ, ló mọ bí ẹ̀rù ṣe ń lélé.

Ti Daniel Defoe, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó kọ Robinson Crusoe, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ta ìbọ̀sẹ̀, ó ta wáìnì, ó sin ẹtà nítorí ohun olóòórùn tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fíńdà. Ní 1692 gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nǹkan bí £17,000. Ó ti ń lọ sí ẹni 60 ọdún kí ìwé náà tó jáde ní 1719. Ẹ wo Crusoe, ẹni tí ìtàn náà dá lé, nínú ọkọ̀ ojú omi tó fọ́: ó rí nǹkan bí £36, ó bú owó náà pé kí ló wúlò fún níbi tí kò sọ́jà. Ó bú u tán, ó tún un rò, ó dì í sínú aṣọ, ó gbé e lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí bóyá ó dìgbà tí òwò èèyàn bá dojú dé kó tó lè kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Kí owó náà ṣáà ti jẹ́ tirẹ̀.

Èmi náà ta àdìrẹ fún ọdún 11, mo ń gbé e dé Kútọ̀nù. Òjò pa ẹrù kan lọ́nà, gbogbo funfun ara aṣọ di aró. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lóru.

Ìtàn mi àkọ́kọ́ dá lórí oníbàárà tó ràwìn tí kò padà wá. Mo kọ ọ́ pé ó jẹ mí lówó ńlá. Mo ń kà á fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti ń rẹ aṣọ láró kí wọ́n tó bí mi. Ó dá mi dúró: “Èló ni?” Mo ní, “Ìtàn ni, mà.” Ó ní, “Mo gbọ́. Èló ni?”

Mo lọ gbé ìwé àwìn mi. ₦43,500. Owó aṣọ ni ₦43,000. Ó pẹ́ kí n tó rántí ₦500 yẹn. Owó ọkọ̀ Láfẹ́nwá ni. Òjò ń rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo yọ ọ́ fún un lápò mi, ó ń dúpẹ́, ó rò pé mo fi ta òun lọ́rẹ ni. Bó ṣe yíjú ni mo kọ ọ́ mọ́ gbèsè rẹ̀.

Mo ya ìtàn àkọ́kọ́ yẹn. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti inú òjò: obìnrin kan dúró lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù, ó ń tún owó ọwọ́ rẹ̀ kà.