Gílóòbù Wo Ló Máa Mọ́lẹ̀ Jù?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ SS2 tí ẹ ń fi fóònù màmá yín wo fídíò yìí.

Ẹ wo orí tábìlì mi. Bátìrì 9 volt kan rèé. Gílóòbù kéékèèké méjì rèé, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Mo fi wáyà so wọ́n tẹ̀lé ara wọn: iná á kúrò nínú bátìrì, á gba inú gílóòbù àkọ́kọ́ kọjá, á bọ́ sínú ìkejì, á sì padà sílé. Òun là ń pè ní series. Mi ò tíì tan án o. Èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? A ni àkọ́kọ́. B ni ìkejì. C ni pé bákan náà ni wọ́n máa rí. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta. Mo ń dúró.

Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Mushin, A ló pọ̀ jù. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní: "Sà, ṣebí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òde ìnáwó ló ń rí ẹran jẹ. Kó tó kan gílóòbù kejì, iná á ti tán." Ni kíláàsì bá pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn pa á.

Ó yá, mo ti tan án. Ẹ sún mọ́ ọn. Bákan náà ni wọ́n rí.

Iná tó ń sàn nínú wáyà kì í tán lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣe é. Danfo mẹ́wàá kúrò ní Ojúẹlẹ́gba, mẹ́wàá náà ló dé Yaba, mẹ́wàá náà ló sì yí padà wá. Ẹrù inú wọn ló ń já sílẹ̀ ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù wa ò jẹ danfo kankan, ẹrù ni wọ́n gbà, wọ́n sì pín in dọ́gba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú A, ẹ má bínú. Ẹ̀yin gan-an ni kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́, torí ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ̀rọ̀ kí n tó tan iná. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí ọmọ ò bá ti kọ́kọ́ sọ ohun tó rò, bọ́ọ̀dù aláfọwọ́kàn olówó ńlá tí iléèwé rà, tẹlifíṣọ̀n lásán ni.

Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Harvard, ti ń kọ́ni báyìí láti nǹkan bí ọdún 1991. Á bèèrè ìbéèrè, kálukú á mú èsì, wọ́n á bá ẹni tó jókòó tì wọ́n jiyàn, wọ́n á tún mú èsì lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wá ṣàlàyé. Ní kíláàsì tèmi, páálí Indomie la gé, a fi máákà kọ A, B, C sí i. Òfin kan péré ló wà: ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn máa gbé e sókè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ẹni tó ń gba ipò kìíní ni wọ́n á máa wò.

Tí ẹ ò bá ní gílóòbù, ẹ wá PhET lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì tẹ́ ẹ ti lè ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì lójú fóònù. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ máa fi ìka wọ́ bátìrì, wáyà àti gílóòbù wá síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Pẹ̀lú bátìrì 9 volt àti gílóòbù méjì tó jẹ́ 10 ohm lẹ́nìkọ̀ọ̀kan (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), mítà máa ka 0.45 ampere, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń sàn, ìbáà jẹ́ ṣáájú gílóòbù àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ìkejì. Tẹ́ ẹ bá wá fún kálukú lọ́nà tirẹ̀, ìyẹn parallel, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba 0.9. Wọ́n á mọ́lẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ 1.8 ni bátìrì ń san, kò ní pẹ́ kú. Báyìí náà ni wọ́n ṣe so iná ilé wa, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè pa fáànù kí tẹlifíṣọ̀n má kú.

Lọ́jọ́ kan tí à ń ṣe ti pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì bí omi ọsàn tàbí álíkálì bí omi káún, lórí láptọ́ọ̀pù, iná lọ. Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún ti darúgbó, òun náà bá iná lọ. Mo rán ọmọ kan sí ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì, kó ra sóbò, ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún wá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìsápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ẹ bomi là á títí tẹ́ ẹ fi lè rí ìka yín láti òdìkejì ife. Mo fún ọsàn sínú ife kan: ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Mo da omi káún sí èkejì: ó ṣú, ó sì di àwọ̀ ewé lójú wa. Ọmọbìnrin kan ní, "Ìdí tí ewédú màámi fi máa ń tutù yọ̀yọ̀ nìyẹn!" Ó kù díẹ̀. Káún ò jẹ́ kí àwọ̀ ewé tó wà lára ewédú tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ nínú ìkòkò. Ti sóbò, àwọ̀ pupa ló yí padà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà lọ.

Ife kẹta rèé. Omi eérú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, mo ti sẹ́ ẹ kó mọ́. Mo fẹ́ da sóbò sí i. A, á pọ́n sí i. B, á ṣe bíi ti káún. C, kò ní yí padà. Ẹ gbé páálí yín sókè: ení, èjì, ẹ̀ta.