Corrour: Tẹ́ṣàn Rélùwéè Tí Kò Ní Ọ̀nà Mọ́tò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Tẹ́ṣàn rélùwéè kan tó kéré gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí. Corrour lorúkọ rẹ̀, orí òkè ní Skọ́tílándì ló wà, ó fi mítà 408 ga ju òkun lọ. Kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí ọjà. Títì ìjọba tó sún mọ́ ọn jù fi bíi kìlómítà 16 jìnnà sí i. Ẹni tí kò bá wọ rélùwéè débẹ̀, àfi kó fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun kẹ̀kẹ́.

Àwa tí a mọ Ìfọ̀ àti Láfẹ́ńwá, ohun tí a mọ̀ ni pé ibi tí èrò àti ẹrù bá wà ni rélùwéè ń yà sí. Ta wá ni wọ́n kọ́ ti Corrour fún?

Ọlọ́lá kan ni. Ní ọdún 1891, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sir John Stirling-Maxwell ra ilẹ̀ Corrour. Nígbà tí iléeṣẹ́ rélùwéè fẹ́ gba orí ilẹ̀ náà kọjá, wọ́n jọ ṣàdéhùn pé wọn yóò kọ́ tẹ́ṣàn sí i. Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1894 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú irin náà dé ìlú Fort William, ọ̀nà tó tó kìlómítà 160. Àwọn àlejò Sir John tó wá ṣọdẹ àgbọ̀nrín á sọ̀kalẹ̀ ní Corrour, ẹṣin á fà wọ́n dé etí adágún Loch Ossian, ọkọ̀ ojú omi kékeré á sì gbé wọn dé ilé rẹ̀ ní òpin adágún náà. Ogójì ọdún gbáko ni wọ́n fi lò ó báyìí. Ọdún 1934 ni orúkọ Corrour ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìwé àkókò ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń rà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀nà náà, nítorí ibẹ̀ ló wù mí jù. Lóṣù kìíní ọdún 1889, ọkùnrin méje gbéra láti fẹsẹ̀ la Rannoch Moor kọjá kí wọ́n lè mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹnjiníà wà nínú wọn, agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀. Irà ni Rannoch Moor, irà tó lọ rẹrẹ títí ojú ò fi ká a mọ́. Wọn ò múra fún un rárá. Agbòjò ni ẹnì kan tiẹ̀ mú dání. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí, ìjì dé, wọ́n sì túká láàárín òkùnkùn. Ọ̀kan nínú wọn kọsẹ̀ lára ọgbà, ó ṣubú, ó dákú. Nígbà tó jí, ọgbà yẹn náà ló tọ̀ lọ títí tó fi kan àwọn olùṣọ́ àgùntàn, ìyẹn ni wọ́n fi rí àwọn tó kù gbà là. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí síbẹ̀.

Irà náà kò rọrùn fún àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá dà sí i, gbígbé ló ń gbé e mì. Wọ́n wá ń fi ẹ̀ka igi àti koríko tí wọ́n bẹ́ tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ẹní lé ẹní, kí wọ́n tó da eérú àti erùpẹ̀ lé e. Orí ẹní yẹn ni ọkọ̀ ń gbà kọjá títí di òní. Owó tán lójú iṣẹ́. Renton, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí iléeṣẹ́ náà, fi nínú owó ara rẹ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ orí rẹ̀ sára òkúta, òkúta náà ṣì wà ní tẹ́ṣàn Rannoch tó tẹ̀ lé Corrour níhà gúúsù.

Àmọ́ iṣẹ́ Corrour ju ti àwọn ọdẹ lọ. Irin kan ṣoṣo ló wà lọ́nà yẹn, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè pàdé lójú ọ̀nà. Irú tẹ́ṣàn yìí ni irin ti pín sí méjì kí ọ̀kan lè yà dúró de èkejì. Awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ ojú irin tó kàn láìgba àmì àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀. Nítorí náà, láyé ìgbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbé Corrour tẹbítẹbí, nínú òtútù yẹn. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń fi rédíò fún awakọ̀ ní àṣẹ láti Banavie, lẹ́bàá Fort William.

Ní ọdún 1995, British Rail, iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba ilẹ̀ náà nígbà yẹn, fẹ́ pa ọkọ̀ alẹ́ tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù gba Corrour lọ sí Fort William rẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba ẹkùn náà, Highland Regional Council, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì jàre. Inú mi dùn sí i. Àwọn tó bá ń ka iye èrò nìkan kò ní rí ìdí tí ọkọ̀ fi ń yà ní Corrour, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọkọ̀ kò bá yà níbẹ̀, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Lónìí, ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń ti Glasgow wá lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ alẹ́ ní tẹ́ṣàn Euston ní Lọ́ńdọ̀nù, Corrour ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá a. Àlejò lè sùn nínú ilé tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ilé etí adágún tí àwọn àlejò Sir John ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi náà ti di ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò láti ọdún 1931. Ìrìn bíi kìlómítà kan ààbọ̀ ni láti tẹ́ṣàn. Bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá já yín sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ forí lé kí ilẹ̀ tó ṣú.