Ta Ló Yẹ Kó Jókòó Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Láàbù Tí Gbogbo Fásitì Ń Pín Lò?

Okun o, gbogbo ilé. Àwọn tí ò ráàyè wá sí Kabba ní kí n kọ ohun tí mo sọ níbẹ̀ nípa kọmitií tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ẹ̀rọ láàbù sílẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ará Isanlu àti Mopa tí òjò dá dúró, torí náà bó ṣe tẹnu mi jáde ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Fásitì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ra HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya ohun tó wà nínú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí èlùbọ́ ò bá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o sápò, tó wá bu, májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wọ̀ ọ́, irú ẹ̀rọ yìí lèèyàn fi ń mọ iye tó wọ̀ ọ́, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èlùbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì nílẹ̀ Okun. Wọ́n yan kọmitií olùdámọ̀ràn, èèyàn mọ́kànlá, gbogbo wọn Dean àti HOD, àwọn ọ̀gá fákọ́tì àti olórí ẹ̀ka, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó parí síbẹ̀. Nígbà tó yá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣiṣẹ́ tán, kò fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò, ó pa á, ó lọ sílé. Iyọ̀ dì sínú column, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí omi ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ náà, ó dí pátápátá. Mo ṣì ń rí funfun tó gbẹ mọ́ ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín yẹn. Column lásán ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ, àmọ́ oṣù mẹ́jọ la fi dúró torí kò sówó ẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá tẹknọ́lọ́jísìtì wa, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n ra òmíràn pamọ́, ta ló máa kà á, wọn ò pè é sí mítìn.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí dòní. Ẹni tó mọ̀ ò sí níbi tí wọ́n ti ń gbàmọ̀ràn.

Èèyàn márùn-ún sí méje tó fún irú kọmitií yìí. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ jù, ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fákọ́tì míì, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan, àti ẹnì kan láti ìta tí kò ní Dean tó ń bẹ̀rù níbẹ̀. Fásitì ìjọba àpapọ̀ wà ní Lokoja láti 2011, ti ìpínlẹ̀ Kogi ní Osara dé ní 2020, tiwọn ní Kabba dé ní 2023, ẹ yá ara yín léèyàn. Tẹknọ́lọ́jísìtì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo mítìn, àmọ́ kí ọ̀gá láàbù má ṣe alága, torí iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ará Kabba ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, Ọbarò tó jẹ́ ọba wa kì í dá ṣe é, Ọbadòfin àti Ọbajẹmu wà pẹ̀lú ẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo wọn kúrò lọ́jọ́ kan náà, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ bá ẹni tó mọ̀tàn níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní S10 lọ́wọ́ NIH, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ìlera, láti fi ra ẹ̀rọ àjùmọ̀lò, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé irú kọmitií yìí nínú ìwé tó fi ń bèèrè owó náà.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú mítìn, ẹ fi rẹ́kọ́dù ránṣẹ́ sí wọn: wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, wákàtí tó fi bàjẹ́, ẹni tó búùkù tí kò yọjú. Inú rẹ́kọ́dù yẹn náà lẹ ti máa mọ ọ̀rọ̀ owó. Ká ní epo dísù jẹnẹrétọ̀, column àti sáfíìsì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà náírà lọ́dún, tí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ ẹgbẹ̀ta wákàtí, ẹgbàárùn-ún náírà ni wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá ń gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò burú, àmọ́ kí kọmitií sọ ẹni tó máa san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tó kù, kí wọ́n má dákẹ́ títí ẹ̀rọ á fi kú.

Kọmitií ò ní àṣẹ, ìmọ̀ràn ni tiwọn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹni tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn fèsì lórí ìwé láàárín oṣù kan, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Arábìnrin kan dìde pé tí wọn ò bá wá fèsì ńkọ́. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú mínítì pé ọjọ́ báyìí la kọ̀wé, a ò rí èsì, kí ìyẹn sì jẹ́ nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà ní mítìn tó ń bọ̀, lójú ará ìta yẹn.