Àìsàn Tí Ojú Kò Rí Rí, àti Ẹni Tó Ni Ìtàn Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Adó-Èkìtì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ará ìlú ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá. Mo yọ díẹ̀ kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí àìsàn tí ojú wa kò rí rí bá wọ wọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó yé yín rárá, ẹ sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn náà láti tẹ ìtàn rẹ̀ jáde, kó tó padà sílé. Ibi tí iṣẹ́ wa ti ń mẹ́hẹ nìyẹn. Kì í ṣe pé a kò ní ọpọlọ. Ta ni yóò sọ pé ọ̀mọ̀wé wọ́n ní Èkìtì?

A ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì níbí ní Adó, a ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà sì wà ní Adó. Ìtọ́jú, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni wọ́n dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún. Ìtọ́jú ni ará ìlú mọ̀. Tó bá ti gbọ́ "ìwádìí", àyà rẹ̀ á já: ṣé wọ́n fẹ́ fi mí dán oògùn wò ni? Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer fún àwọn ọmọdé kan ní oògùn tuntun tó ń jẹ́ Trovan láti fi ṣèwádìí. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, títí ilé iṣẹ́ náà fi gbà ní 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ẹjọ́ pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kánò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ìyá tó bá bi wá léèrè lónìí pé kí la fẹ́ fi ọmọ òun ṣe, ìdáhùn ló yẹ kó gbà, kì í ṣe ìbínú.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀ sí ìdánwò oògùn. Aláìsàn kan ṣoṣo ni. A ti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ ká tọ́jú rẹ̀, kò sí oògùn tuntun, kò sí abẹ́rẹ́ àfikún. Àìsàn rẹ̀ ló ṣàjèjì, a sì fẹ́ kí dókítà tó wà níbòmíràn mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wo àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ọkàn ní apá ọ̀tún, tí ẹ̀dọ̀ wọn wà lápá òsì. A máa ń ṣírò wọn sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 10,000. Bí appendix irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìfun kékeré tó máa ń wà ní apá ọ̀tún ikùn ẹlòmíràn, bá wú, apá òsì ni ìrora náà á jókòó sí. Dókítà tí kò bá tíì kà nípa rẹ̀ rí lè máa wá ohun mìíràn kiri nígbà tí ìfun náà ti fẹ́ bẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí tòsí ilé. Ẹ mọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹ sì mọ Ìmẹ̀sí-Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìhà Ọ̀ṣun. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé yẹn láti 1956. Káàdì tí àwọn ìyá ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí nọ́ọ̀sì ń fàmì sí bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i, ibẹ̀ ló ti gbé e kalẹ̀ kó tó káàkiri ayé. Ní 1958, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Wright tẹ ìròyìn jáde nípa àìsàn kan tí wọ́n rí lágbègbè wa. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, tó bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta kọ́sọ́kọ́sọ́ bíi ti ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á máa lọ́. Ìgbà òjò ló ń dé, tí òjò bá kásẹ̀, òun náà á lọ. Wọ́n rò pé kòkòrò àrùn ló wọ ọpọlọ. Wọn kò mọ ohun tó fà á, síbẹ̀ wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí.

Ẹ lè fojú inú wo ohun tí àwọn ará ilé ń sọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹni tó ń gbọ̀n láìní ibà, tí kò lè dá dúró, kí la máa pè é bí kò ṣe àfiṣe? A wá ta ewúrẹ́, a san owó, a sì bá ìyàwó bàbá jà.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ìdáhùn tó dé. Dókítà Bọ́lá Adámólẹ́kun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló béèrè ohun tí ó rọrùn jù lọ: kí lẹ jẹ? Oúnjẹ onísítáàṣì, bí àmàlà láfún tàbí ẹ̀bà, pẹ̀lú kòkòrò igi arère tí wọ́n ń pè ní ekùkù, tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì yan. Ìgbà òjò ni kòkòrò náà ń pọ̀, ìgbà òjò náà ni àìsàn ń dé. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn wọ́n rí i pé èròjà kan wà lára kòkòrò yẹn tó ń ba fítámìn B1 jẹ́, iná kò sì tètè pa á. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní fítámìn yẹn tó tẹ́lẹ̀, tó wá jẹ ekùkù lé e, ara rẹ̀ kò lè gbà á. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, níbi tí wọ́n ti fún àwọn kan ní fítámìn B1 tí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, fi hàn pé fítámìn náà ń tọ́jú rẹ̀. Oògùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì gbogbo!

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyẹn. Bí àwọn ti 1958 bá ti sọ pé, "ẹ jẹ́ kó yé wa ná ká tó kọ ọ́," ta ni yóò mọ̀ pé ìgbà òjò ni, pé èébì ló ń ṣáájú ìgbọ̀nrìrì? Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n kọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ àmì ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tó jẹ́ àgbà nínú ìṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1960 sókè. Àwọn kan ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, tí ìrìn wọn kò gún mọ́, tí ojú àti etí wọn ń kú díẹ̀díẹ̀. Kò dúró dè wọ́n nínú ọ́fíìsì. Ó lọ bá wọn ní ìletò lápá Ẹ̀pẹ́, ó wo ìkòkò ọbẹ̀ wọn, ó sì tọ àìsàn náà dé orí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, tí májèlé sáyánáìdì kù sínú rẹ̀, láìsí ẹran tàbí ẹja tó pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa ń sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nítorí pé ilé wa ló ti jáde. Nípa ibà Lassa tí wọ́n ń tọ́jú ní Ọ̀wọ̀ nítòsí wa, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ṣàìsàn nílùú Lassa ní Borno, tó sì kú ní Jọ́ọ̀sì ní 1969, ni gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo fáìlì tiwa. Ẹ ṣí èyíkéyìí nínú wọn. Páálí aláwọ̀ ilẹ̀, okùn tí wọ́n fi dì í ti já, ìwé inú rẹ̀ ti ń wọ́ jáde. Ọjọ́ kẹta: "Ara aláìsàn ń balẹ̀. Ẹ máa bá ìtọ́jú lọ." Ọjọ́ kẹrin: ọ̀rọ̀ kan náà. Ọjọ́ karùn-ún, bákan náà. Kí la fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ kọ wákàtí tí ìgbọ̀nrìrì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ kú. Ẹ kọ ohun tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti àwọn tó bá a jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà tí nǹkan kan kò ṣe. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, nítorí ẹni tó ti lọ sí oko ní Ìpàó kì í gbé fóònù. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ ń rí i lóru. Ohun tí ẹ kọ ló máa ń gbẹ̀yìn gbà wá.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan há a. Aláìsàn kan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá mu àgbo tí ara rẹ̀ sì yá, ìbéèrè la ní, a kò tíì ní ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ìlànà ìwà nínú ìwádìí sì ti wà láti 2007. Ṣùgbọ́n Èkìtì kò tóbi. Bí ẹ bá yọ orúkọ kúrò, tí ẹ wá kọ ọ́ pé "olùkọ́ obìnrin ẹni ọdún 34, ará Ẹ̀fọ̀n, tó bí ìbẹta", ṣé ẹ ti bo ẹnikẹ́ni láṣìírí? Gbogbo ọjà Ẹ̀fọ̀n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ìlú, ẹ yọ iṣẹ́, ẹ yọ ìbẹta bí kò bá kan àìsàn náà. Kí ẹ fi ìlà dúdú bo ojú nínú fọ́tò kò tó. Àwọn olóòtú ìwé ìṣègùn kì í gbà á mọ́. Fọ́tò tí ẹ bá sì yà sórí fóònù yín, tí ẹ jù sórí WhatsApp pé "ẹ wá wo èèmọ̀", ìwà ìkà ni. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.

Aláìsàn tí orí rẹ̀ pé ló ń fọwọ́ sí i. Ọkọ lè jókòó tì í, olórí ẹbí lè gbà á nímọ̀ràn, àmọ́ wọn kò lè fọwọ́ sí i fún un. Òbí ló ń sọ̀rọ̀ fún ọmọdé, síbẹ̀ ẹ bi ọmọ tó bá ti gbọ́n léèrè. Tí aláìsàn bá ti kú, ẹ lọ bá ẹbí rẹ̀, lẹ́yìn ìsìnkú, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì. Ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá, tó bá sì jẹ́ ará oko, ní Èkìtì tó ń sọ nílé. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí. Tó bá ní òun kò gbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìtọ́jú rẹ̀ má sì yí padà bíi tín-ín-rín.

Nígbà tí a dé orí ìbéèrè, ìyá kan dìde lẹ́yìn, ó ní: "Dókítà, tí mo bá gbà pé kẹ́ ẹ kọ ti ọmọ mi, ṣé èmi náà á rí i?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mọ́, ẹ̀tọ́ yín ni." Ìlànà tí àwọn oníṣègùn fi ń kọ irú ìròyìn yìí láti 2013 tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ kí aláìsàn sọ tẹnu ara rẹ̀, bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n kà á fún yín kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹ lè yí ọkàn padà kó tó jáde. Tó bá ti jáde, kò ṣeé kó padà mọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ó tún béèrè bóyá wọ́n máa sanwó. Mo ní rárá, wọn kì í sanwó fún un, ẹ̀yin náà kò sì ní san kọ́bọ̀. Ó ní òun máa bá bàbá ọmọ náà sọ ọ́. Mo ní kó má kánjú.