Súìtì tí Hannah Jẹ: Ibi Tí Ẹ̀tàn Wà Nínú Ìbéèrè Statistics

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ SS3 àti àwọn olùkọ́ wọn sọ ní Ìbàdàn nìyí. Mo yọ àwọn ibi tí iná ti lọ kúrò. Àwàdà ibẹ̀, mo fi sílẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ìgbà tí mo máa ń gbádùn ìdánwò jù? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá tẹ̀ lé e ni, nígbà tí àwọn ọmọ bá tú síta, tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò. "Kí lo ní ní nọ́ńbà 7?" "Mo ní 0.36." "Háà! Ìdá kan nínú mẹ́ta lèmi ní o." Ẹnì kẹta á dákẹ́, á máa wo ilẹ̀, torí ìdáhùn tirẹ̀ ju 1 lọ. Ẹni tí probability rẹ̀, ìyẹn ìṣeéṣe tí kì í kọjá 1, bá ju 1 lọ, ẹ bá mi fún un ní omi tútù mu.

Bó ṣe rí nìyẹn ní Ìlú Ọba náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2015, àwọn ọmọ ọdún 15, 16 jáde nínú ìdánwò ìṣirò GCSE, irú WAEC tiwọn, tí àjọ Edexcel ṣe, Twitter sì ni igi máńgòrò tiwọn. Ìbéèrè kan ló ń bí wọn nínú. Súìtì wà nínú àpò, iye wọn ni n. Mẹ́fà jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ìyókù jẹ́ yẹ́lò. Hannah mú ọ̀kan láìwo inú àpò, ó jẹ ẹ́. Ó mú ìkejì, ó tún jẹ ẹ́. Ìṣeéṣe pé méjèèjì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn jẹ́ 1/3. Ẹ fi hàn pé n² − n − 90 = 0.

Àwọn ọmọ figbe ta: súìtì la ń sọ, ibo ni algebra ti wọlé? Ọ̀rọ̀ náà débi pé àwọn ìwé ìròyìn gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ mi rí ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń tan ọmọ jẹ nínú ìbéèrè, tí a ó sì máa pariwo lé nọ́ńbà lórí. Ẹ ka ìbéèrè yẹn ní Yorùbá. Hannah *jẹ ẹ́*. Ohun tó ti wọ ọ̀fun, ṣé ó tún ń padà sínú àpò? Ká ní súìtì jẹ́ 10, 6/10 ni ti àkọ́kọ́. Ó jẹ ẹ́, ó ku 9, aláwọ̀ ọsàn ku 5, ìyẹn 5/9. Ẹ ṣe é papọ̀, 30/90, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó ní 0.36 lábẹ́ igi máńgòrò, 6/10 × 6/10 ló ṣe. Ó mú kí Hannah bi súìtì padà sínú àpò!

Ẹ wá gbé n sí ipò 10. 6/n × 5/(n − 1) = 1/3, torí náà n(n − 1) = 90, ìyẹn n² − n − 90 = 0. Ó parí. Ẹ bá wá n fúnra rẹ̀, ẹ ó rí 10 tàbí −9, kò sì sẹ́ni tó ń ta súìtì −9 ní ọjà Bódìjà.

Ìwé ìdánwò tiwa kì í sọ pé "ó jẹ ẹ́". "Without replacement" ni wọ́n máa ń kọ, ìyẹn ni pé ohun tí a mú kò padà sínú àpò. Mo bi ọmọ kan rí pé kí ni ìyẹn, ó ní wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ìwé ìdáhùn fún èèyàn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn, ní Yorùbá ò lè gbé ìṣirò. Èdè tó ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta! Ogún mẹ́ta, ẹ yọ 10, ẹ tún yọ 5. Ọmọ tó ń ra ẹ̀kọ ti ṣe ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ṣéńjì. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 wá ńkọ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6? Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ibí ni mo dé tí ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí wọ́n bá di Hannah lójú ńkọ́? Tó jẹ àkọ́kọ́, tí kò mọ àwọ̀ rẹ̀. Kí ni ìṣeéṣe pé ìkejì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn?"

Mo ní 5/9, mo fẹ́ máa bá tèmi lọ.

"Sà, ẹ ò tíì mọ̀ pé ọsàn ni àkọ́kọ́."

Gbọ̀ngàn pariwo. Mo yíjú sí pátákó. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọsàn, 6/10 × 5/9, 30/90. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, 4/10 × 6/9, 24/90. Àpapọ̀ 54/90. Ìyẹn 6/10! Bíi pé Hannah ò fẹnu kan nǹkan kan.

Mo ti gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan wá, súìtì 10 wà nínú rẹ̀, mẹ́fà ọsàn, mẹ́rin yẹ́lò. Mo pe ọmọbìnrin kan síwájú, mo ní kó mú ọ̀kan láìwò, kó fi sí àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo bi wọ́n pé èyí tó wà lápò rẹ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni ò rí, kí ló fi yàtọ̀ sí èyí tó ṣì wà nísàlẹ̀ láílọ́ọ̀nù? Wọ́n dákẹ́. Mo ní kó yọ ọ́. Yẹ́lò! Ní kíá, ti ìkejì di 6/9. Súìtì kankan ò kúrò níbi tó wà nínú láílọ́ọ̀nù, ojú wa ló rí nǹkan. Èmi tí mo ti ń fi "jẹ" búra láti ìgbà yìí, ọmọ SS3 ló wá fi "rí" hàn mí.

Olùkọ́ àgbà kan ní òun ò gbà. Mo rán an létí Marilyn vos Savant, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ní 1990, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́ta: ọkọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀kan, ewúrẹ́ wà lẹ́yìn méjì. O mú ilẹ̀kùn kan, ẹni tó mọ ibi tí ọkọ̀ wà ṣí òmíràn tí ewúrẹ́ wà, ṣé kó o pààrọ̀ tìrẹ? Ó ní kó o pààrọ̀. Lẹ́tà rọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí òjò, àwọn tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní ó ṣìnà. Òun ló tọ̀nà. Olùkọ́ náà jókòó, àmọ́ ojú rẹ̀ ò tú ká.

Alága ti ń na aago sí mi. Mean àti median tí mo ṣèlérí: ọmọ márùn-ún gba 40, 42, 44, 46 àti 98. Mean, ìyẹn àpapọ̀ tí a pín sí márùn-ún, jẹ́ 54; median, ìyẹn ti ẹni àárín, jẹ́ 44. Mẹ́rin nínú wọn wà nísàlẹ̀ mean, ẹ má tíì mú pàṣán. Àyè ò sí mọ́.

Nígbà tí mo padà síbi tábìlì, láílọ́ọ̀nù mi ti ṣófo. Mo bi wọ́n pé ta ló jẹ súìtì mi. Ọmọkùnrin yẹn náà ló dáhùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Sà, ṣé ẹ rí wa ni?"